Sìkíì Àkúnlẹ̀yàn

"Ìwọ tí kì í kúnlẹ̀ fún ènìyàn, ìwọ lo wá fẹ́ máa kúnlẹ̀ fún yìnyín?"

Sẹ̀kínátù ló ń bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan lápá àríwá Chicago, bí a bá ń lọ sí Evanston, nínú oṣù Kejìlá ọdún 1986. Ẹ̀rín ló fi bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní egungun nínú bí ẹja.

Nọ́ọ̀sì ni Sẹ̀kínátù ní ilé ìwòsàn kan ní Hyde Park. Olympia Fields ni òun àti Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ ń gbé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ni wọ́n sì bí Kàfáyàtù sí, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà nílé ìwé máa ń lọ yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìnyín ní Wisconsin. Òun náà ti bá wọn lọ rí pẹ̀lú sìkíì àyálò, pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí obìnrin kan tó ń sọ̀ bọ̀ láti orí òkè bí ìyàwó tó ń kí àna: ó kúnlẹ̀ sọ́tùn-ún, ó kúnlẹ̀ sósì, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní tẹ́límáàkì ni wọ́n ń pe irú sìkíì bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Kàfáyàtù.

Bàbá arúgbó ará Norway tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti là á yé wọn. Ó ní sìkíì tí gbogbo ayé ń wọ̀, ńṣe ni wọ́n ń de gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti tẹ́límáàkì yìí, imú bàtà nìkan ni wọ́n ń dè, gìgísẹ̀ a máa gbéra. Bí ènìyàn bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, yóò ti ẹsẹ̀ òsì síwájú, yóò sì tẹ orúnkún ọ̀tún wálẹ̀. Bó bá fẹ́ yà sósì, yóò tẹ orúnkún òsì.

"Ibi tí orúnkún rẹ bá kúnlẹ̀ sí," bàbá náà wí, "ibẹ̀ ni sìkíì yóò gbé ọ lọ."

"Mommy, kii ṣe pe mo n kunlẹ," Kàfáyàtù dá ìyá rẹ̀ lóhùn. "O kan jẹ turn ni."

"Orúnkún ń lọ sílẹ̀, àbí kò lọ sílẹ̀?"

"O n lọ silẹ, ṣugbọn ko kanlẹ. Fun Ọlọrun nikan ni mo n kunlẹ. Teacher wa ni Islamic school lo sọ bẹẹ."

"Ó mà dáa o. Alùfáà kékeré! Ìṣẹ́jú márùn-ún àfẹ̀mọ́jú tí wọ́n ní kí o dìde kírun, ṣé orúnkún ló ń dùn ọ́ nígbà náà ni?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fò lọ sí Ìwó.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n mú ọmọ náà lọ sílé kí ó lọ rí ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, agbo ilé pé bámúbámú. Kàfáyàtù rìn lọ bá a, ó na ọwọ́ sí i: "Hi, Grandma!"

Ìyàwó ilé kan fi etí ìborùn bo ẹnu. Ìyá arúgbó kò bínú o. Ó wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Ó wo orúnkún ọmọ náà nínú ṣòkòtò jíìnsì, ó wò ó pẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àdùfẹ́," ó pè é. Oríkì tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni, kò sì sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. "Orúnkún rẹ kò tíì mọ̀ mí. Kò burú. Màá jókòó dè é."

Òjò tó tẹ̀ lé e kò tíì dá tí ìyá fi kú.

Bàbá ará Norway ti tẹ́ sìkíì kan sórí kápẹ́ẹ̀tì. Pupa ni, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn; nígbà tí Kàfáyàtù dúró tì í, ó kan fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ikùn sìkíì náà, ó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tẹ́límáàkì, tó sì fẹ́ máa gba ọ̀nà búlúù, èyí tó kúrú tó sì rọ̀ ló yẹ ẹ́, kó lè dárí jì í nígbà tó bá ṣe àṣìṣe. Ọ̀nà àwọ̀ ewé ni ti akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà dúdú ni ti ọ̀gá, ọ̀nà búlúù ni ti ẹni tó wà láàárín. Irin tí wọ́n fi gbá etí sìkíì yíká ni yóò máa gé yìnyín tó bá dì gan-an.

Kàfáyàtù gun pupa náà, ó gbìyànjú kó tẹ orúnkún, ó ń gbọ̀n bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

"Àwọn àgbà ní àkúnlẹ̀yàn ni ẹ̀dá ń bá wáyé," Sẹ̀kínátù fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kúnlẹ̀ dáadáa, kí o yan èyí tí o fẹ́, ká máa lọ sílé."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọmọ náà fi tú bàtà kúrò lórí pupa, tó wọ igun kan lọ lẹ́yìn ibi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀wù òtútù kọ́ sí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìgbà tó máa jáde, sìkíì méjì kan ló gbé mọ́ra: dúdú, ó gùn, ọ̀dà rẹ̀ ti bó níwájú, ó tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé láti ìta.

"Eleyii nkọ?"

Bàbá náà họ irùngbọ̀n. "Ìyẹn le. Ó gùn jù fún ọ. Ẹnì kan gbé e wá pé kí n bá òun tà á, kò sì padà wá mọ́. Àwọn tó rà á ń dá a padà."

"Kí ni wọ́n ní ó ṣe?" Sẹ̀kínátù bèèrè.

"Wọ́n ní ó máa ń fà sọ́tùn-ún."

Kàfáyàtù ti gun un. Kò gbọ̀n rárá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ síwájú, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ rọra wálẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, sí igun àwọn ẹ̀wù níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó tẹrí ba.

"Ẹ kúulé o, ìyá mi."

Sẹ̀kínátù gbọ́ ọ ketekete. Kàfáyàtù kì í sọ Yorùbá kí ohùn rẹ̀ gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Pẹrẹsẹ ló máa ń lọ, bí ọ̀nà márosẹ̀ Illinois; láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń tún un sọ fún un títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n ìkíni yìí gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀, àfi bí ẹni pé agbo ilé ní Ìwó ni wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú.

"Kí lo wí?"

"N ko sọ nkankan." Ohùn rẹ̀ ti tẹ́ padà.

Ó yẹ kí ẹ̀rù ba Sẹ̀kínátù. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀rù rí àyè jókòó. Orúnkún ọmọ rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe wálẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ń rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọn yóò padà sí Ìwó lọ ṣe àdúà fún ìyá, tí ọmọ òun yóò kúnlẹ̀ láàárín agbo ilé, tí ìyàwó ilé tó fi ìborùn bo ẹnu níjọ́sí yóò sọ pé Sẹ̀kínátù tọ́ ọmọ. Ẹni tó bá rí ohun tó ti ń wá tipẹ́, kì í fẹ́ bèèrè ẹni tó gbé e wá.

"Dúdú yìí la máa mú," ó wí.

Bàbá náà wò ó. "Madam, pupa ló bá a mu."

"Ohun tó rọ̀ kì í kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, bàbá. Ẹ bá wa dè é."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Tàjùdéèn ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá ọmọ rẹ̀ lórí sìkíì láàárín pálọ̀, tí wọ́n ti ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kàfáyàtù tẹ orúnkún ọ̀tún.

"Háà! Ṣé wọ́n ti fi mí joyè ni?" Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ láti súre. "Dìde, ọmọ mi, wàá dàgbà, wàá…"

Àdúà náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ọmọ náà dojú kọ. Àlàfo tó wà láàárín tẹlifísàn àti ògiri ló kọjú sí, ibẹ̀ ló sì ń kí.

"Ẹ kúulé o, ìyá mi. Ẹ kú ìjókòó."

Tàjùdéèn fa ìyàwó rẹ̀ wọ kíṣìnnì. "Sẹ̀kínà, ohùn ta nìyẹn?"

"Ohùn ọmọ yín. Ó ti ń gbọ́ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀ dúpẹ́?"

"Báyẹn gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ṣe máa ń kí ìyá tirẹ̀. ‘Ẹ kú ìjókòó.’ Ta ló kọ́ ọ? Dá nǹkan yẹn padà."

"Ọmọ yín kúnlẹ̀, ẹ ní kí n dá a padà? Níjọ́sí tó na ọwọ́ sí wọn ńkọ́, ta ni ojú tì mọ́lẹ̀ nínú wa? Ẹ̀yin ni àbí èmi tí wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

Tàjùdéèn padà sí pálọ̀, ó jókòó sídìí oúnjẹ. Bó ti ń jẹun, ẹ̀yìn ló kọ sí tẹlifísàn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ ilé ìwé ṣíwájú, Sẹ̀kínátù wa mọ́tò tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé Wisconsin. Ojú ọ̀run rẹlẹ̀, ó rí bí eérú. Òkè náà kò ga púpọ̀. Ọ̀nà àwọ̀ ewé wà lápá kan. Ọ̀nà búlúù wà lápá kejì, igbó igi páìnì sì gba gbogbo ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ta okùn pupa sídìí àwọn igi náà. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ òkè sọ fún Sẹ̀kínátù pé ọ̀gbun ló wà lẹ́yìn wọn, pé ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta láyé àtijọ́ ni, kí àwọn ọmọ má kọjá okùn.

Ní òwúrọ̀, ohun gbogbo lọ geere. Kàfáyàtù kúnlẹ̀ sọ́tùn-ún, ó kúnlẹ̀ sósì lórí ọ̀nà àwọ̀ ewé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, Sẹ̀kínátù ń kí Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni ọmọ náà bọ́ sí ọ̀nà búlúù.

Sẹ̀kínátù dúró nísàlẹ̀. Ó rí i lókè lọ́hùn-ún nínú ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sọ́tùn-ún, kò kúnlẹ̀ sósì. Ó tún kúnlẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó ń lọ bá àwọn igi páìnì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Nígbà tó dé ẹ̀bá okùn pupa ló ṣubú. Ìṣubú ló gbà á. Ó dìde, ó gbọn yìnyín dànù, ó yọ̀ wá bá ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mommy, iya Yoruba kan wa loke yẹn!"

"Ìyá wo?"

"O jokoo sabẹ igi. O mọ orukọ mi. O ni, ‘Àdùfẹ́.’" Orúkọ náà nìkan ni ohùn rẹ̀ gbé dáadáa.

Ara Sẹ̀kínátù tutù ju yìnyín tó dúró lé. "Ṣé o dáhùn?"

"Mo ni, ‘Ma.’ Ẹyin lẹ sọ pe ki n maa dahun agba. O ni ki n sun mọ oun daadaa, ki oun le ri orunkun mi."

"Bọ́ sìkíì yẹn."

"Mommy!"

"Mo ní bọ́ ọ sílẹ̀! Kàfáyàtù!"

"Ẹẹkan ṣoṣo, please. O n duro de mi." Kí Sẹ̀kínátù tó na ọwọ́ mú un, ó ti yọ̀ kọjá, ó ti jókòó sórí àga tí okùn irin ń fà gòkè díẹ̀díẹ̀. Àga náà gbé e lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó juwọ́ sí ìyá rẹ̀. Sìkíì dúdú méjèèjì ń mì dirodiro lábẹ́ rẹ̀, orí wọn sì kọ sọ́tùn-ún.

Sẹ̀kínátù kò pariwo mọ́. Ariwo kì í dá àga dúró. Ó ká etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi ẹsẹ̀ gun òkè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn pupa. Yìnyín ń gbé e mì dé orúnkún. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń ké Bísímílláhì. Afẹ́fẹ́ dá. Ariwo àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ dà bí èyí tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn.

Ó dé ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ṣubú. Ó gbé okùn sókè, ó wò sábẹ́ igi páìnì tó tóbi jù.

Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ àfi ojú kan. Ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ó gùn, ó fẹ̀ níwọ̀n ẹní kan, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣe régé. Láàárín rẹ̀, koríko tó ti kú tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ibi tí ènìyàn ti jókòó pẹ́, a sì rí ipa ẹsẹ̀ méjì tí a nà síwájú. Yìnyín ń já bọ́ látòkè, kò já bọ́ síbẹ̀. Òórùn òrí tó gba òógùn ara ń ti ibẹ̀ jáde, òórùn àwọn ìyá àgbà. Lẹ́yìn ojú ẹní náà, bí ẹsẹ̀ bá tún sún síwájú díẹ̀, kò sí ilẹ̀ mọ́. Ọ̀gbun ni.

Sẹ̀kínátù kò rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò bínú. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù. Ẹni tó bá ń bínú, inú rẹ̀ a máa rọ̀. Ẹni tó bá kàn jókòó de ènìyàn, kí ni a fẹ́ fi tù ú?

Ó wólẹ̀ sórí orúnkún méjèèjì, sínú yìnyín, lẹ́bàá ojú ẹní náà. Oríkì ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ odídẹrẹ́ Ìwó,
ẹni a bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ kí a tó rí kẹ́.
Ajókòó-má-rẹ̀, adúró-dàlejò.
Ẹ̀yìn yín lẹ fi pọn bàbá ọmọ,
ẹnu yín lẹ fi pọn ọmọ.
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìjókòó, mà."

Igi páìnì kan yọ yìnyín dànù lórí, wùú.

"Ìyá mi, mo ti kúnlẹ̀ dípò rẹ̀. Orúnkún tí mo fi bí i rèé, ẹ wò ó. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Àdùfẹ́, ẹni tí a ń dù kí a tó fẹ́. Èmi náà wá dù ú lónìí. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yí i padà."

Ó gbọ́ híha irin lórí yìnyín. Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀wù ìyeyè ń bọ̀. Kàfáyàtù ń sọ̀ pẹ̀lú eré, orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nínú ìkíni, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ mọ́ sìkíì dúdú, ojú ẹní ló kọrí sí tààrà. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Kàfáyàtù!"

Ọmọ náà kò gbọ́.

"Kàfí! Kàfí!"

Kò gbọ́. Ìgbà náà ni Sẹ̀kínátù gba orúkọ náà lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ó fi gbogbo èémí rẹ̀ pè é:

"Àdùfẹ́!"

Orí ọmọ náà gbé.

"Òsì! Fi òsì kí wọn!"

Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìwó tí yóò fi òsì kí àgbà. Ọ̀tún la fi ń kí àgbà, ọ̀tún la fi ń gbowó, ọ̀tún la fi ń jẹun. Alààyè ló ni ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ pé Àdùfẹ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ dénú egungun, ì bá dúró rò ó. Kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yọ síwájú, ó wó orúnkún òsì mọ́lẹ̀ wùrùwùrù, láìní ẹwà kankan, bí ẹni tí ẹrù já lé lórí. Sìkíì dúdú kígbe lórí yìnyín, ó jà, ó yà sósì. Yìnyín tó tú jáde bo ojú Sẹ̀kínátù. Nígbà tó nù ún kúrò, ọmọ náà ti ń yí gbirigbiri lọ sí àárín ọ̀nà búlúù, níbi tó tẹ́jú, ó ń sunkún, ó ń pe Mommy.

Sẹ̀kínátù fẹ́ dìde. Nǹkan kan bà lé e lórí, ó fúyẹ́, ó gbẹ, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń súre fún ìyàwó ilé. Ó wà níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbéra. Ìgbà tó bojú wo abẹ́ igi, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sójú ẹní náà, wóró wóró, títí gbogbo ilẹ̀ fi funfun dọ́gba.

Wọ́n gbé sìkíì dúdú padà fún bàbá ará Norway. Kò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ọ̀tún?" ó bèèrè.

"Ọ̀tún," Sẹ̀kínátù dáhùn.

Ó gbé e padà sẹ́yìn àwọn ẹ̀wù, ó sì gbé pupa tó kúrú tó rọ̀ wá. Kàfáyàtù gun un. Ó gbọ̀n kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní àwọn yóò mú un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Tàjùdéèn tó dìde lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀kùn yàrá àwọn òbí ṣí díẹ̀. Kàfáyàtù dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù àwọ̀sùn, irun rẹ̀ dúró gàgà. Kò sí ẹni tó ní kó wá. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àárín àwọn méjèèjì gan-an, kì í ṣe igun yàrá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó rọ orúnkún méjèèjì wálẹ̀ ṣàkàṣàkà, wọn kò kanlẹ̀ tán.

"Ẹ kaarọ, Daddy. Ẹ kaarọ, Mommy."

Pẹrẹsẹ. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀, bí ọ̀nà márosẹ̀ Illinois.

Tàjùdéèn la ẹnu láti tún un sọ fún un. Sẹ̀kínátù fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Bó ṣe sọ ọ́ yẹn dára."